Bí kòkòrò àìfojúrí àti iná mànàmáná ṣe ń yọ náítíréètì kúrò nínú omi

Omi lè mọ́ gaara nínú ife, kó má rùn, kó má sì yàtọ̀ lẹ́nu, síbẹ̀ kí náítíréètì tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Láti ara ajílẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti ṣáláńgá ló ti ń wá, òjò a sì wọ́ ọ lọ sínú kànga àti odò. Ẹni tó bá ní òun yóò se omi náà kó lè kúrò ń tan ara rẹ̀ ni: omi ni yóò máa gbẹ, náítíréètì yóò wà níbẹ̀.

Àwọn ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń ṣe ní jàǹbá jù. Lọ́dún 1945, Hunter Comly, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Iowa, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ara wọn ń dú bí aró lẹ́yìn tí wọ́n fi omi kànga po mílíìkì fún wọn. Nínú ara, náítíréètì a máa di náítíráìtì (orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n èkejì ló burú jù), èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé ọ́síjìn kiri bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kó má ju mìlígíráàmù 50 lọ nínú líítà omi kan.

Ní Iowa kan náà, ìlú Des Moines ti ní ẹ̀rọ ńlá tó ń yọ náítíréètì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn hóró kéékèèké inú ẹ̀rọ náà ló ń dì í mú, omi iyọ̀ ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́ kúrò lára wọn. Ṣùgbọ́n náítíréètì náà kò parẹ́, inú omi iyọ̀ ló kàn ṣí lọ. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2025, ti inú odò wọn pọ̀ débi pé àwọn aláṣẹ omi fòfin de bíbomi rin koríko àgbàlá.

Àwọn bakitéríà kan wà tó lè pa á rẹ́ pátápátá. Níbi tí kò bá sí ọ́síjìn, náítíréètì ni wọ́n fi ń mí, wọn a sì sọ ọ́ di náítírójìn, èyí tó jẹ́ ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Oúnjẹ ni wàhálà wọn. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń fún wọn: bí kò bá tó, iṣẹ́ kò ní parí, bó bá pọ̀ jù, yóò ṣẹ́kù sínú omi.

Ibí ni iná mànàmáná ti wọlé. Ohun tí bakitéríà ń wá nínú oúnjẹ náà ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, egunrín tíńtín tí iná mànàmáná ń gbé kiri. Wọ́n á ri ọ̀pá méjì bọ inú omi, bakitéríà yóò lẹ̀ mọ́ èyí tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà wọlé, yóò sì máa rí èyí tó nílò níbẹ̀. Lọ́dún 1993, Sakakibara àti Kuroda, láti Japan, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí bí iná ṣe lè darí iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 2004, Gregory, Bond àti Lovley ní Yunifásítì Massachusetts fi hàn pé Geobacter metallireducens lè gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tààrà lára ọ̀pá gíráfáìtì, irú ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù. Ṣùgbọ́n náítíráìtì ni tirẹ̀ dé dúró, ìyẹn gan-an lohun tó ń ṣe ìkókó ní jàǹbá. Nítorí náà, onírúurú bakitéríà ni wọ́n ń kó pọ̀, kí ọ̀kan lè parí ohun tí èkejì bá bẹ̀rẹ̀.

Inú yàrá ìwádìí àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ni iṣẹ́ náà ṣì pọ̀ sí jù. Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn geerege nínú omi abẹ́ ilẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré, omi tó bá sì jáde níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ pa kòkòrò inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.