Ní Wíwá Ìlú Baba Ńlá Wa tí ó Dé Sàró

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Sàró ni ó ń jẹ́ orúkọ Òyìnbó, a kò sì mọ ìlú tí a ti kó baba ńlá wa lẹ́rú. Orúkọ náà kò lè fi ọ̀nà hàn wá. A kó Àjàyí ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á là ní 1822, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró. Nígbà ìbatisí rẹ̀ ní 1825 ni a sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò bá a tan rárá.

Ìwé tí ó yẹ kí a wá ni èyí tí àwọn akọ̀wé ìjọba kọ ní Freetown nígbà tí àwọn ìgbèkùn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, gíga, àti, nígbà mìíràn, ilà ara. Bí etí Òyìnbó ti gbọ́ orúkọ ni ó kọ ọ́. Ẹ kà á sókè. Orúkọ nìkan kò sì tó, nítorí ibi púpọ̀ ni a ti ń pe ọmọ tí ó dojúbolẹ̀ wáyé ní Àjàyí. Ilà ni ó lè ya ará Ọ̀yọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára Ẹ̀gbá; ẹ bi àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n.