Láti Àkàbà Ìdènà dé Àtẹ̀gùn Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ẹni tí ó bá wọ Kétu kò ní ṣàì gbọ́ orúkọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí ó ṣẹ́ kù lára odi ìlú. Ìtàn ìlú sọ pé ní ayé Ọba Sa ni a mọ odi náà. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, ní ayé Ọba Glele, ṣẹ́gun Kétu, wọ́n jó ilé, wọ́n sì kó ènìyàn lẹ́rú lọ. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé borí Dàhòmì ni a tún Kétu tẹ̀dó ní 1894. Odi wó, ẹnubodè dúró, nítorí pé a ń tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni àkàbà, lẹ́nu wa, tún jẹ́ ohun tí a fi ń gòkè. Èyí ló mú wa ronú kan ẹnu ọ̀nà ilé tiwa.

Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ òkè Kétu, òun ni àwọn baba wa fi mọ ilé. Ògiri amọ̀ lè pẹ́, ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìgbà òjò sì ń dé lọ́dún. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé ilẹ̀ ilé ga ju àgbàlá lọ, tí wọ́n sì ń mọ pèpéle síwájú rẹ̀. Pèpéle dáàbò bo ìdí ògiri, ó gba ẹsẹ̀ ẹni tí ń wọlé, ó sì jẹ́ ìjókòó àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀ ni a ti ń kí ẹni tí ń kọjá, tí a sì ń parí ìjà.

Nígbà tí símẹ́ńtì àti páànù dé, àtẹ̀gùn gba ipò pèpéle. A kò bá símẹ́ńtì jà. Ẹ̀dùn ọkàn wa ni pé ìgbà tí owó ilé bá ti ń tán ni a máa ń rántí àtẹ̀gùn. Ọ̀kan ga, èkejì kúrú. Ẹsẹ̀ ṣìnà, ìyá àgbà ṣubú, láti ọjọ́ náà kò jáde síta mọ́.

François Blondel, ayàwòrán ilé ní ilẹ̀ Faransé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, fi ìgbésẹ̀ ènìyàn wọn àtẹ̀gùn: gíga lọ́nà méjì, pẹ̀lú fífẹ̀ ibi ìtẹ̀sẹ̀ kan. Lónìí, àwọn bíríkìlà ń fẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 64. Bí ilẹ̀ ilé bá fi sẹ̀ǹtímítà 48 ga ju àgbàlá lọ, ìgbésẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní 16, tí ibi ìtẹ̀sẹ̀ sì fẹ̀ ní 30, yóò bá a mu: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 62. Kí a gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé ilẹ̀ líle, kí àtẹ̀gùn má baà ya kúrò lára ògiri; kí a sì dà á síta díẹ̀, kí omi má baà padà wọlé.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀, omi àti ẹsẹ̀ àgbà kí a tó po símẹ́ńtì, kí a sì fi àyè pèpéle kékeré sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹnu ọ̀nà tí àgbà kò lè gbà jáde, ìdènà ni fún onílé fúnra rẹ̀.