Ìpìlẹ̀ Méjì Lábẹ́ Ilé Kan: Ọdún 1842 àti Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí ọ̀sà ní Màrínà, ní Àgbádárìgì, ni wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí àwọn amọ̀nà ń sọ fún àlejò, tí ìwé púpọ̀ sì ti gbà bẹ́ẹ̀, ni pé wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1842, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Kò sí ìjà lórí 1845. Orí 1842 ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé àwọn tó ni ilé náà kò tíì fìdí kalẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún yẹn.

Thomas Birch Freeman àti William de Graft, ará Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 24 oṣù Kẹsàn-án 1842. Henry Townsend ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) dé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni ó ń lọ, ó sì ti wọ ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 1843. Láti ibẹ̀ ó padà sí Sàró (Sierra Leone), ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà níbẹ̀ ní 1844. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní 1845 ni òun, Charles Andrew Gollmer àti Samuel Ajayi Crowther jọ dé Àgbádárìgì láti jókòó. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí kì í ṣe àwárí tuntun. Ó wà nínú ìwé tí J. F. Ade Ajayi kọ nípa àwọn míṣọ́nnárì ní 1965, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ló sì ti kà á. Ìyàlẹ́nu ni pé kíkà náà kò dé ara ilé. CMS ló ni ilé. Bí ó bá jẹ́ 1842 ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ mú ẹni tó gbẹ́ ẹ jáde. Townsend tó ń kọjá lọ ni àbí ta ni?

Inú ọ̀rọ̀ náà “ìpìlẹ̀” ni ó jọ pé àṣìṣe ti wọlé. Ìpìlẹ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan ni ìpìlẹ̀ ilé: kòtò tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ ká, òkúta tí wọ́n tò sínú rẹ̀, ipele amọ̀ tàbí igi tó kọ́kọ́ jókòó lé e lórí. Èkejì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́, èyí tí kò ní kòtò tí kò sì ní òkúta: ọjọ́ tí ìjọ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wàásù. “Wọ́n fi ìpìlẹ̀ ìhìnrere lélẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1842”: òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Yọ “ìhìnrere” kúrò, kí o wá sọ gbólóhùn náà níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé ni olùgbọ́ yóò rò. Bí ó bá sì dé ilé rẹ̀, ìpìlẹ̀ ilé ni yóò ròyìn fún ará ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ìpìlẹ̀ náà ya ẹnu méjì bákan náà, nítorí náà títúmọ̀ láti èdè kan sí èkejì kò lè yanjú rẹ̀.

Ẹ̀rí wà pé ìpìlẹ̀ kejì yìí ni 1842 jẹ́ nínú ìrántí ìlú. Igi Ágíà, tí wọ́n wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, ni ọdún yẹn kọ́kọ́ so mọ́. Igi náà wó ní 20 oṣù Kẹfà 1959. Ọwọ̀n ìrántí ló kù níbẹ̀. Igi ti lọ, ilé ṣì dúró, ó ní àtẹ̀gùn tí àlejò lè gùn, ó ní yàrá tí wọ́n lè nawọ́ sí. Ó ṣeé ṣe kí ọdún tí kò ní igi mọ́ ti wá ibòmíràn sá sí.

Ẹnì kan lè sọ pé Freeman ló bẹ̀rẹ̀ ilé náà, tí CMS sì parí rẹ̀. Òótọ́ ni pé Freeman kọ́ ilé míṣọ́nnì ní Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n àwọn Mẹ́tọ́díìsì kò kúrò ní ìlú nígbà tí CMS dé. Àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀ ni, oníkálukú lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ṣì ń gbé inú ìlú kì í fi ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

      

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń sọ nípa ilé náà, ti Bíbélì, kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n ní inú ilé yìí ni Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, kí ilé tó wà. Crowther fúnra rẹ̀ ti dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ 1846. Odidi Bíbélì kò sì pé títí di àárín àwọn ọdún 1880. Ó lè ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ìtàn 1842 fi pamọ́ jù ni àwọn tó fọwọ́ kọ́ ilé náà. Ẹgbẹ́ tó gúnlẹ̀ ní 1845 kì í ṣe àlùfáà nìkan. Káfíńtà àti lébìrà wà nínú wọn, tí wọ́n kó wá láti Sàró, ìlú àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú àti àwọn ọmọ wọn. Abẹ́òkúta ni gbogbo wọn ń lọ. Ikú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta, àti ogun tó dí ọ̀nà ló dá wọn dúró sétí ọ̀sà fún nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀. Ìdádúró yìí ló jẹ́ kí ilé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ di dandan. Kò sí ẹni tí í kó káfíńtà sínú ọkọ̀ bí kò bá ní ilé láti kọ́. Sàró sì ni àwọn wọ̀nyí ti rí ilé onípákó tó ní òkè àti ìsàlẹ̀, wọ́n ti mọ bí pákó ṣe ń wọ pákó kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́ ọ sí Àgbádárìgì. Ilé Sàró ni ilé náà, bí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ wà lára rẹ̀. Ọmọ ẹrú tó ti dòmìnira ló kọ́ ọ sí etí omi tí wọ́n ti ń kó ẹrú kọjá.

Kí àwọn tó ń bójú tó ilé náà yọ 1842 kúrò nínú ìtàn rẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún Ágíà. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbi tí àlejò yóò ti rí i pé: CMS, Gollmer àti àwọn káfíńtà Sàró, 1845.