Ta Ló Fún Adarí Eré Láṣẹ? Ìtàn Ìdájọ́ Nínú Dungeons & Dragons

Ẹ̀yin tí ẹ ti ta Dungeons & Dragons rí mọ̀ pé àríyànjiyàn kì í wọ́n nídìí rẹ̀. Olùkópa kan ní kí jagunjagun òun fo kòtò kan, kó já sórí ẹṣin ọ̀tá ní òdìkejì. Ìwé òfin kò sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Gbogbo ojú á wá yí sí adarí eré. Òun ló ń sọ ìtàn, òun ló ń ṣe ọ̀tá, òun náà ló tún ń dájọ́. Báwo ni ẹnì kan ṣe lè jẹ́ ọ̀tá àti adájọ́ pọ̀, kí àwọn yòókù sì gbà pé kò ṣe ojúsàájú? Ká tó lè dáhùn, ó yẹ ká mọ ibi tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀dọ̀ àwọn ológun ni.

Ìwé ni àbí ènìyàn?

Ní 1824, Georg von Reisswitz, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun ní Prussia, ilẹ̀ tó wá di ara Jámánì, tẹ òfin eré ogun kan jáde. Kriegsspiel ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ ti gbé irú eré bẹ́ẹ̀ síwájú ọba ní 1812. Nínú eré yìí, ikọ̀ méjì ń bá ara wọn jà lórí máàpù, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé, á fi lé rẹfirí lọ́wọ́. Rẹfirí á sún àwọn ọmọ ogun, á sì fi kìkì ohun tí ojú wọn lè tó han ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìjà bá wáyé, á da dáìsì, á wo àtẹ tó wà nínú ìwé, á sì kéde iye ẹni tó kú.

Àtẹ wọ̀nyí kò jẹ́ kí rẹfirí lè gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n mú kí eré falẹ̀. Ní 1876, Julius von Verdy du Vernois, ọ̀gágun Prussia, dábàá pé kí wọ́n pa àtẹ àti dáìsì tì, kí ọ̀gá tó ti rí ogun fi ìrírí rẹ̀ dájọ́. Eré yá sí i. Àmọ́, bí rẹfirí bá jẹ́ ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, ta ni yóò bi í léèrè ìdí tó fi dájọ́ bẹ́ẹ̀? Ìwé kì í ṣe ojúsàájú, ṣùgbọ́n kò lójú tó fi ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ojúsàájú.

Ó dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́

Ní 1880, Charles Totten, ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kọ ìwé eré ogun tó pè ní Strategos. Ìwé yìí ti di ìgbàgbé kí David Wesely tó rí i ní Minnesota ní àwọn ọdún 1960. Èrò kan níbẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn: olùkópa lè gbìyànjú ohunkóhun, rẹfirí ni yóò pinnu àbájáde rẹ̀. Ní 1969, ó ṣètò eré kan nípa ìlú àtinúdá tó ń jẹ́ Braunstein. Dípò kó fún olùkópa ní ọmọ ogun, ó fún àwọn kan ní ipa ará ìlú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí kò múra sílẹ̀ fún. Wesely rò pé eré ti bàjẹ́. Àwọn olùkópa ní kó tún ṣe òmíràn.

Dave Arneson wà lára wọn. Nígbà tó di 1971, ó ti ń darí eré tirẹ̀, Blackmoor, tó kún fún idán àti ẹbọra. Òun àti Gary Gygax ló gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974. Ìwé kékeré mẹ́ta ni, ó sì fi ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀ fún rẹfirí láti pinnu. Nígbà tó di 1979, Gygax ti kọ ìwé ńlá fún adarí eré nìkan, tó ju igba ojú ìwé lọ, tó kún fún àtẹ. Ní 2008 ẹ̀wẹ̀, Matthew Finch kọ ìwé pélébé kan láti rọ àwọn adarí pé kí wọ́n padà sí ìdájọ́ tiwọn. Àríyànjiyàn Prussia kò tíì parí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ọmọ ogun Prussia kò lè dìde kúrò nídìí máàpù. Olùkópa lè gbé báàgì rẹ̀, kó máa lọ sílé. Nítorí náà, kì í ṣe ìwé tàbí ipò ló fún adarí eré láṣẹ. Àwọn tó jókòó tì í ló fún un, wọ́n sì lè gbà á padà.

Ohun tó ń pa àṣẹ náà mọ́ kò ju mẹ́rin lọ. Kí ẹni tó fẹ́ fo kòtò mọ ewu tó wà níbẹ̀ kí ó tó da dáìsì. Kí dáìsì bọ́ sójú táyé, kì í ṣe lábẹ́ ọwọ́. Kí adarí gbọ́ àlàyé olùkópa kó tó pinnu, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìkẹrin ló le jù: kí ìdájọ́ àná mú ọ̀tá lónìí. Bí jagunjagun kò bá lè fo kòtò náà, ẹbọra tí adarí ń darí kò gbọdọ̀ fò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí eré ńkọ́? Ìwé lẹ máa ń tẹ̀ lé ni, àbí ojú inú yín? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ èrò yín.