Àpò àbí Ìkòkò: Bí Oúnjẹ Ajá Ṣe Di Ọjà

Admin yín ni. Ẹni tó máa bá wa tẹ ohùn yìí sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò, kí wọ́n má baà sọ pé mo gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bọ̀ọ̀dá wa tó ń ta táyà fi fọ́tò ajá rẹ̀ ránṣẹ́, ajá náà ń dán. Ó ní oúnjẹ alápò nìkan lòun ń fún un, pé ẹni tó bá ń fi tùwó bọ́ ajá, ìyà ló fi ń jẹ ẹ́. Ni Màmá wa ẹlẹ́lùbọ́ bá dá a lóhùn: "Ọmọ mi, ajá mẹ́ta ló ti ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mi láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Tùwó pẹ̀lú orí ẹja ni gbogbo wọn jẹ, olè kò sì wọlé rí." Bọ̀ọ̀dá ní, "Màmá, ẹ má bínú, mi ò lè bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n ayé ti yí padà." Àbúrò wa kan tún já wọ̀ ọ́, ó ní àwọn méjèèjì ò gbà á, ẹran tútù àti egungun ni Ọlọ́run dá mọ́ ajá. Ọ̀rọ̀ gùn títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò sì bú ẹnikẹ́ni. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, torí mo ti rí i tí wọ́n torí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀ kúrò nínú group yìí.

Wọ́n ní kí admin dá ẹjọ́. Mi ò lè dá a. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, torí mo ti lọ ka nípa rẹ̀ dáadáa. Ìdí kan wà tí mo fi kà á, màá sọ ọ́ kí n tó parí.

Títí di nǹkan bí ọdún 1860, kò sí ibì kankan láyé yìí tí o ti lè wọ ṣọ́ọ̀bù kí o ní kí wọ́n tà ọ́ ní oúnjẹ ajá bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Nílé wa, ajá ọdẹ ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹran ìgbẹ́, ajá ilé sì ń jẹ ohun tó bá kù nínú ìkòkò. Àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń se ọ́ọ̀tì àti ẹran ẹṣin fún ajá ọdẹ tiwọn. Ajá tálákà ń wá ti ẹnu rẹ̀.

Oníṣòwò bíi tiwa ló yí i padà. Ará Amẹ́ríkà ni, James Spratt lorúkọ rẹ̀, ó wá láti Ohio. Irin tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé kí àrá má baà sán ilé ló gbé wá tà ní London. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó kúrò nílé rẹ̀ lọ tajà nílẹ̀ onílẹ̀ ni. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó rí àwọn ajá ní èbúté tí wọ́n ń jẹ bisikíìtì líle tí àwọn awakọ̀ òkun jù dànù. Ẹlòmíì á rí ajá, á kọjá lọ. Ọjà ni Spratt rí. Ó po àlìkámà pọ̀ mọ́ bíìtírúùtù, ewébẹ̀ àti ẹran gbígbẹ, ó yan án, ó pè é ní àkàrà ajá. Ó ní ẹran màlúù pápá Amẹ́ríkà ló wà nínú rẹ̀. Irú ẹran tó jẹ́ gan-an, kò tú àṣírí ẹ̀ fáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbo níbí, ẹ mọ ọgbọ́n yẹn!

Kò tà á fún tálákà o. Àwọn olówó tó ń fi ajá ṣọdẹ ló kọjú sí, ó sọ fún wọn pé ajá iyì kì í jẹ oúnjẹ yẹpẹrẹ. Ọmọdékùnrin kan wá ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ yìí, Charles Cruft, ó di akọ̀wé, ó di ẹni tó ń rìn kiri tajà fún wọn. Òun ló wá dá ìdíje ajá tó ń jẹ́ Crufts sílẹ̀ ní London ní 1891, èyí tí wọ́n ṣì ń ṣe dòní. Ẹni tó ti ta bisikíìtì ajá ló gbé ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ajá báyìí ló dára kalẹ̀. Ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ. Bisikíìtì yìí lẹ́ni lẹ́yìn gan-an.

Ibi tó kù, ẹ jẹ́ n yára. Ní 1922, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹran ẹṣin sínú agolo fún ajá ní Amẹ́ríkà, torí mọ́tò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin. Ogun àgbáyé kejì dé, ìjọba ń ṣọ́ agolo lò, oúnjẹ gbígbẹ bá gorí ọjà. Ní àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ Purina bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ ọmọ èèyàn ṣe horo wúwú tí bọ̀ọ̀dá wa ń rà yẹn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ajá níbẹ̀ náwó sórí rédíò àti ìwé ìròyìn, pé ẹ má fún ajá ní àjẹkù mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló rìn títí tó fi dé orí fóònù wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ má rò pé irọ́ ni bọ̀ọ̀dá wa ń pa ṣá. Tùwó nìkan kò tó ajá. Ọmọ ajá tí wọ́n bá fi tùwó nìkan tọ́, egungun rẹ̀ kì í le, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wọ́. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ alápò tó dára ti bá wọn wọn gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n àpò náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní March 2007, ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà, Menu Foods, kó agolo àti ọ̀rá oúnjẹ ajá àti ológbò tó tó 60 mílíọ̀nù padà kúrò lọ́jà. Kíndìnrín ẹran ọ̀sìn ń bàjẹ́, wọ́n ń kú. Mélàmáìnì ni wọ́n rí nínú èròjà àlìkámà tó wá láti Ṣáínà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àwo, mélàmáìnì yín yẹn náà ni! Wọ́n fi sí i kí àyẹ̀wò lè fi hàn pé pùròtéènì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ayédèrú epo pupa rí kò ní bèèrè bí irú ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Àbúrò wa ẹlẹ́ran tútù, ìwọ náà kọ́ lo dá a sílẹ̀. Dókítà ẹranko kan ní Australia, Ian Billinghurst, kọ ìwé lé e lórí ní 1993, èèyàn púpọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko Amẹ́ríkà sọ pé àwọn ò fọwọ́ sí i, torí kòkòrò bíi salmonella tó lè ti ara ẹran tútù ran ajá àti ará ilé. Egungun tí a ti sè tún léwu ju tútù lọ, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Uppsala, ní Sweden, fi ajá wé ìkookò. Jíìnì kan wà, ohun tí ẹranko ń jogún lọ́wọ́ ìyá àti bàbá, tó ń jẹ́ kí ara lè lọ oúnjẹ bí iṣu, àgbàdo àti ìrẹsì. Ẹ̀dà méjì ni ìkookò ní. Ajá ní láti 4 títí dé 30. Àwọn tó tún wò ó lẹ́yìn náà rí i pé ajá ibi tí wọ́n ti ń dáko láti ayébáyé ní púpọ̀, ti ibi òtútù tí wọ́n ti ń pẹja, tí wọ́n ń ṣọdẹ, ní díẹ̀. Ajá ti jẹun nínú ìkòkò wa pẹ́ tó fi yí ara rẹ̀ padà! Màmá ẹlẹ́lùbọ́ á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ajá ilẹ̀ yìnyín tí àwọn ọlọ́jà ajá ń kó wọ̀lú báyìí, tí irun rẹ̀ pọ̀, a ò lè fi ti Màmá wé e.

Ó ku ìdí tí mo fi kà á. Ọdún tó kọjá, ajá mi kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n, dúdú tó máa ń sùn sídìí òṣùwọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni ìkòkò lèmi náà, mo máa ń fi oúnjẹ alápò ṣẹ̀fẹ̀. Omi wọ àpò àgbàdo mi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìsàlẹ̀ rẹ̀ bu. Mi ò lè tà á. Mo sá a gbẹ, mo lọ̀ ọ́, mo ń rò ó fún ajá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó kọ oúnjẹ, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó ń bì. Dókítà ẹranko tó wò ó ní ó jọ májèlé èébu, pé ó ti ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bí a sè é tàbí a ò sè é, májèlé yẹn kì í lọ. Ọmọ mi obìnrin kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo kọ́kọ́ rò pé bọ̀ọ̀dá onítáyà ló borí. Ìgbà tí mo kàwé ni mo rí i pé ní òpin 2005, oúnjẹ alápò kan ní Amẹ́ríkà pa ọ̀pọ̀ ajá. Àgbàdo tó bu ni wọ́n fi ṣe é. Májèlé kan náà ni.

A ti gba ọmọ ajá mìíràn. Mo ń ra oúnjẹ alápò kékeré fún un títí yóò fi pé ọdún kan, Màmá, ẹ forí jì mí. Lálẹ́, ó ń jẹ tùwó pẹ̀lú ẹja, láìsí àlùbọ́sà, torí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Inú ìyẹ̀fun tí àwọn ọmọ mi ń jẹ ni mo ti ń bù ú. Bọ̀ọ̀dá, mo ṣì ń retí iye tí ẹ ń ra àpò ńlá yẹn báyìí, ẹ fi sí i fún wa.