Gìtá Tí Ohùn Rẹ̀ Há

Aago mẹ́jọ àárọ̀, Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Ọyẹ́ ti mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé gìtá onípákó wọ ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n tó ń tún gìtá ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. A ní òde lálẹ́ òní, àwọn tó ń ṣètò ohùn sì ní gìtá mi ti bàjẹ́."

Ẹ̀gbọ́n fi wáyà so ó mọ́ áńpù, ó ń ta okùn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Okùn kẹfà ń bú. Okùn kẹta ń dún bí ẹni tó daṣọ bo ẹnu. Ó yọ wáyà, ó tún ta á. Gbogbo wọn dọ́gba. Ó mi orí.

Aago mẹ́sàn-án. Ó tú okùn, ó fi pínsà fa saddle jáde, ìyẹn egungun pẹlẹbẹ tí àwọn okùn gùn lé. Páálí ìṣáná tí wọ́n ká sí méjì ló bá lábẹ́ rẹ̀.

Ọyẹ́ ló fà á. Ó ti fa omi inú pákó gbẹ, ojú gìtá wọnú, okùn sọ̀kalẹ̀, ó wá ń ha fret, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà ló ní kí ó fi páálí gbé e. Okùn gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ saddle yìí kan náà ni píkọ́ọ̀pù wà, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sọ ìtẹ̀ di iná mànàmáná. Páálí rọ̀, kò jẹ́ kí gbogbo okùn tẹ̀ ẹ́ bákan náà. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ẹ̀bi tí à ń dì ru ẹni tó wà nídìí míksà, ibí yìí ló ti ń wá.

Títí di ọ̀sán, egungun màlúù tuntun tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ń gbẹ́. Ó lẹ sáńpépà mọ́ gíláàsì, ó ń fi ìsàlẹ̀ egungun ha á, ó ń gbé e ti rúlà irin, ó ń wò ó síhà fèrèsé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín, á tún padà sídìí ẹ̀. Bí ó bá há jù nínú kòtò rẹ̀, kò ní lè tẹ píkọ́ọ̀pù. Bí ó bá dẹ̀ jù, á dagun. Kí okùn tó lè fi ìdajì mìlímítà gòkè lórí fret 12, saddle ní láti fi mìlímítà 1 gbáko ga sí i.

Aago méjì. Okùn wọlé. Ó yí irin inú ọrùn díẹ̀, kí ọrùn lè tẹ̀ ní ìwọ̀nba. Àwọn kan ń fi irin yẹn wá gíga okùn. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Okùn kẹfà wá ga ní mìlímítà 2.5 lórí fret 12, okùn kìíní ní 2.

Aago márùn-ún, ní gbọ̀ngàn. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba nínú spíkà, nítorí náà kò sídìí láti ṣí gìtá sókè jù mọ́. Àwọn tó ń ṣètò ohùn fi ọmọrí rọ́bà dí ojú ihò rẹ̀, wọ́n sì dín ohùn ìsàlẹ̀ kù ní àyíká 100 Hz, níbi tí afẹ́fẹ́ inú gìtá fúnra rẹ̀ ti ń ró. Spíkà kò sì hu.

Aago mẹ́jọ alẹ́, fóònù dún. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an o!"

"Kò tọ́pẹ́. Bí òjò bá ti ń rọ̀, gbé e padà wá. Ojú ẹ̀ á wú, okùn á ga jù, a ó ha egungun yẹn kù."