Aro: Orúkọ Ibi Ìwòsàn Tí A Sọ Di Èébú



Bí ẹnìkan bá ṣìwà hù láàrin wa, kì í pẹ́ tí a ó fi gbọ́ pé, 'Aro ló yẹ kí wọ́n gbé eléyìí lọ.' Ẹ̀rín ni a máa ń fi í rín. Èmi náà ti rín in rí, kí n tó ka ìtàn Aro.

Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò (1923–2004), ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Aro. Ìlú Ọba ló ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n kò torí rẹ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ àwọn baba rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń ti alárùn ọpọlọ mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, Lámbò ní kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn náà. Ẹbí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú.

Ó tún fa àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Kò ní kí wọ́n gba iṣẹ́ dókítà ṣe. Òye wọn nípa ìdílé, ìgbàgbọ́ àti ohun tí aláìsàn gbà pé ó fa àìsàn rẹ̀ ni ó ń fẹ́. Ẹni tó gbà pé ayé ló ń bá òun jà, abẹ́rẹ́ nìkan kò lè dá a lóhùn. Ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ àrùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè wa wàyí. Wèrè ni a ń pe àìsàn náà. Wèrè náà ni a ń pe ẹni tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti gbé ènìyàn mì. Ohun tí Lámbò ṣe ni pé ó yọ ènìyàn kúrò nínú wèrè: ó dá a padà sí ipò ọmọ, ìyàwó, àlejò, aládùúgbò. Àwọn àgbà ṣáà ní ènìyàn laṣọ.

Ibi tí a ti ń gba aláìsàn lálejò ni a wá sọ orúkọ rẹ̀ di èébú. Nítorí ìtìjú èébú yìí, ẹbí mìíràn a gbé ọmọ wọn pamọ́ sí yàrá títí àìsàn yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Ire o.